Ejẹ́ǹtì tó bá mi ṣe ìwé mọ́tò lọ sí Lomé: ìràwọ̀ 2 nínú 5

Ejẹ́ǹtì tó bá mi ṣe ìwé mọ́tò tí mo fi wakọ̀ lọ sí Lomé lóṣù tó kọjá ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì káwọn èèyàn lè mọ iṣẹ́ òun, mo sì ti ṣèlérí fún un, òun ni mo ṣe jókòó tì í lálẹ́ yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ o, torí èèyàn jẹ́jẹ́ ni, bẹ́ ẹ bá pè é ó máa gbé e, kì í sọ pé òun ti ń bọ̀ lọ́nà nígbà tó ṣì ń wẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ 2 náà ni.

Iṣẹ́ tí mo gbé fún un ò ta kókó. Mo ní kó bá mi to gbogbo ìwé tí mọ́tò máa nílò láti Èkó, ká gba Sẹ̀mẹ̀, ká la Bẹ̀nẹ̀ já dé Tógò, kí ẹyọ kan má ku. Èmi ni mo fẹ́ wa mọ́tò náà fúnra mi. Àǹtí mi àgbà tó ń ta àǹkárá ni mo ń gbé lọ sọ́jà, àbúrò ọkọ mi sì máa bá wa gbẹ́rù. Ó gbowó ẹ̀, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ká sọ òótọ́, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi gbé fáìlì aláwọ̀ búlúù kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, pátíkúlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rínìù wà ńbẹ̀, international driving permit wà ńbẹ̀, bráùn káàdì wà ńbẹ̀, ó sì ti ṣe fọ́tòkọ́pì ìkọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta mẹ́ta. Inú mi dùn débi pé mo ra mọ́ọ̀tì fún un.

Bráùn káàdì yẹn, ìyẹn ìnṣọ́ránsì mọ́tò ti ECOWAS, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ìnṣọ́ránsì tá à ń lò nílé, ojú bọ́dà ló mọ. Téèyàn bá lọ kọlu ọlọ́kadà ẹnìkan ní Kútọnu, ìwé Nàìjíríà yín ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀, bráùn káàdì ló ń sọ pé àwọn tiwọn nílùú yẹn á dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sanwó fẹ́ni tó fara pa, kí wọ́n tó wá bá ìnṣọ́ránsì yín nílé ṣírò. Kútọnu náà ni àwọn ìjọba ECOWAS ti fọwọ́ sí i lọ́dún 1982. Ejẹ́ǹtì yìí ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó sì ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, mi ò ní gbàgbé oore.

Ibi tó ti kọ́kọ́ jìn sí kòtò ni ìwé àwa èèyàn. Lóòótọ́ mọ́tò ni mo ní kó bá mi ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹ kó bi mí pé "àwọn wo lẹ ń gbé lọ?" Kò bi mí. Ó wá ku bí ọjọ́ márùn-ún ká lọ ni mo tó mọ̀ pé káàdì NIN ni àbúrò ọkọ mi fẹ́ fi sọdá, ó ní ṣebí ECOWAS ni wá, ṣebí a ò nílò físà. Ká má nílò físà ò ní ká má mú ìwé dání o. Àdéhùn tí àwọn ìjọba ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 lórí ìrìnnà, ọjọ́ 90 ló fún yín láti gbé nílùú wọn láìgba físà, ìwé ìrìnnà tó yè kooro àti ìwé abẹ́rẹ́ ló sì ní kẹ́ ẹ mú wá. Páásìpọ́ọ̀tù ni, tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí ìmígíréṣọ̀n ń ṣe fáwọn tí ò fẹ́ kọjá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àǹtí mi ní tiẹ̀, tó ti lò ó tó ti gbó. Àbúrò wá ní páásìpọ́ọ̀tù, ó kàn ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ owó orí ni, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi sítáǹpù kún un! Haba.

Wọ́n wá bi í léèrè yẹ́lò káàdì, kò ní. Ó sáré lọ gbabẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀ pé káàdì náà ò tíì jẹ́ káàdì títí ọjọ́ kẹwàá á fi pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Bá a ṣe sún ìrìnàjò síwájú nìyẹn o, àǹtí mi tó ti bá àwọn oníbàárà ẹ̀ ṣe àdéhùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tẹ́ńbẹ́lú èmi àti ìdílé ọkọ mi. Ká ní ejẹ́ǹtì ti bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tá a wá lọ, aago márùn-ún ìdájí la kúrò ní Festac. Títí dé Agbárá ọ̀nà dà bí ọ̀nà. Látìgbà tá a ti wá ń sún mọ́ Àgbádárìgì, títí kọjá Gbájì, ìdúró lórí ìdúró ni, ẹni tó dá yín dúró níbí á máa rí ẹni tó fẹ́ dá yín dúró lọ́hùn-ún. Mi ò ní sọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Fáìlì búlúù yẹn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, mo kàn ń nà án jáde láti ojú fèrèsé ni, wọ́n á ṣí i, wọ́n á rí i pé kò sí ibi tí wọ́n máa gbá mú, wọ́n á ní kí n máa lọ. Ọ̀kan béèrè káúṣọ̀n àti fire extinguisher, méjèèjì wà ní búùtù, ó bojú jẹ́.

A dé Sẹ̀mẹ̀ ní aago mẹ́jọ kù díẹ̀. Àwọn tó ti mọ ibẹ̀ tipẹ́ á sọ pé ó yàtọ̀, àǹtí mi ń fọwọ́ júwe ibi tí wọ́n ti máa ń na okùn sójú ọ̀nà nígbà kan, ẹ̀ ẹ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ̀ ẹ́ tún bọ́ sílẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2018 tí wọ́n ti ṣí ilé tuntun yẹn, èyí tí owó ẹ̀ ti ọwọ́ EU wá, ibì kan náà lòṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ wà. Ibi ọ̀hún ò tíì pé ọdún kan dáadáa tí wọ́n fi ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i padà. Ẹrù àǹtí mi há sí ọ̀hún nígbà yẹn, bó bá ti débi ìtàn yìí ohùn ẹ̀ á yí padà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Sítáǹpù páásìpọ́ọ̀tù àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jáde ní Nàìjíríà wọ Bẹ̀nẹ̀, ìṣẹ́jú 35 ni mo fi aago ká. Ó yà mí lẹ́nu. Nǹkan kan ló fẹ́ fa á gùn, bọ̀dá kan tí ò wọ aṣọ iṣẹ́ kankan ló gba yẹ́lò káàdì àǹtí mi lọ́wọ́ ẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní 2011 ni, pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá, ó ti kú, kó mú owó wá kóun bá a ṣe tuntun. Àǹtí mi ti ń wa ọwọ́ bọ inú pọ́ọ̀sì! Mo ní rárá o. Látoṣù keje 2016 ni WHO ti sọ pé abẹ́rẹ́ ẹyọ kan yẹn ti tó téèyàn á fi dàgbà tó fi máa kú, káàdì àtijọ́ náà wà lára ẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ ó ti kú mọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera tó jókòó gan-an wo káàdì náà, kò sọ nǹkan kan, ó dá a padà. Bọ̀dá yẹn ti wọ àárín èrò lọ.

Ó wá kan mọ́tò. Níbi dùáànù, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù àwọn Bẹ̀nẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ lẹ̀sé-pàsé fún mọ́tò tó bá wá láti ìlú mìíràn, ìwé tó ń sọ pé mọ́tò yìí wọlé, ó máa jáde, kò wá tà á. Ẹ̀ ń sanwó ẹ̀ ní sẹ́fà, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì. Ọ̀gá tó wà nídìí ẹ̀ ń sọ Yorùbá, ti apá Kétu yẹn tó máa ń dùn létí. Mo na fáìlì mi sí i bí ọba. Ó ṣí i, ó ní, "Ta ló ni ọkọ̀?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni, sà."

Ó mi orí, ó ń kọ nǹkan lọ, ó kọ ọ́ dé ibì kan ló dúró. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó tún wo ìwé. "Màdámù, ẹ ní ọkọ̀ yín ni. Orúkọ ọkùnrin ló wà níbí."

Mo ní, "Sà, mi ò sọ pé ọkọ̀ mi. Mo ní ọkọ mi. Ọkọ mi ló ni ọkọ̀."

Àǹtí mi ti rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn wa náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ọ̀hún rẹ́rìn-ín tiẹ̀ náà, ó wá dáwọ́ dúró, ó ní, "Ó dáa. Lẹ́tà ẹ̀ dà?"

Lẹ́tà wo? Lẹ́tà tí ọkọ mi fi máa sọ pé òun mọ̀ nípa ìrìnàjò yìí, pé òun fún èmi láṣẹ kí n gbé mọ́tò òun jáde ní Nàìjíríà, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi fọ́tòkọ́pì ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀ tì í. Ọ̀gá yẹn ò ṣẹ̀ mí rárá, ṣé ẹ mọ iye mọ́tò tí wọ́n ń jí ní Èkó tó ń gbabẹ̀ lọ? Mo pe ejẹ́ǹtì. Ó gbé e o, mo ti sọ fún yín pé ó máa ń gbé e. Ó ní, "Háà, màdámù, mo rò pé orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀ ni." Èèyàn tó fọwọ́ ara ẹ̀ rínìù pátíkúlà náà! Tó ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta!

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bá a ṣe pẹ́ tó. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe mítíǹ, kò gbé fóònù, ìgbà tó máa gbé e ó ti di aago mẹ́wàá. Ó wá bèèrè bó ṣe máa kọ ọ́, mo ń pè é fún un láti bọ́dà bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ABD, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó ya á ní fọ́tò pẹ̀lú páásìpọ́ọ̀tù ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá ń wọlé ó ń jáde, àbúrò gbé fóònù sókè orí ń rìn káàkiri bí ẹni ń wá àńtẹ́nà. Ìgbà tó wọlé tán, ilé fọ́tòkọ́pì tó wà nítòsí, íǹkì ẹ̀rọ ẹ̀ ti ń tán lọ, lẹ́tà ọkọ mi jáde pẹ̀lú ilà pupa rẹ́súrẹ́sú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ nínú fọ́tò páásìpọ́ọ̀tù wá dà bí ẹni tí wọ́n fi sẹ́yìn irin ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọ̀gá wò ó títí. Ó ní torí pé a jẹ́ èèyàn òun lòun ṣe máa gbà á, pé tá a bá ń bọ̀ nígbà mìíràn ká mú ojúlówó wá. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 50 la fi wà nídìí mọ́tò, nígbà tí àwa èèyàn ò lò ju ìṣẹ́jú 35 lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Látibẹ̀ lọ kò sí wàhálà. A kọjá Kútọnu nínú sún-kẹẹrẹ, àwọn sẹmijáǹ, ìyẹn ọlọ́kadà tiwọn, ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, àǹtí mi ní ká yà ní Wídà ra àkàsà, a ò yà. Ní Hila-Kọ́ńjì tí Bẹ̀nẹ̀ ti pàdé Tógò, wọ́n yẹ lẹ̀sé-pàsé wò, àwọn Tógò kọ tiwọn, mo ti ń yọ lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n mi síta kí wọ́n tó béèrè. Ìṣẹ́jú 30. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, a dé bọ́dà yẹn ní aago méjì àbọ̀, a jáde ní aago méjì. Ká ní gbogbo bọ́dà rí báyìí ni.

Nítorí náà: ìràwọ̀ kan fún bráùn káàdì àti àlàyé ẹ̀, ìkan fún fáìlì búlúù lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Mẹ́ta tó kù, ọ̀kan bá abẹ́rẹ́ àbúrò lọ, méjì wà ní dùáànù pẹ̀lú lẹ́tà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó ẹ lò ó, owó ẹ̀ ò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ ara yín ka orúkọ tó wà lórí pátíkúlà yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì ka déètì tó wà lára páásìpọ́ọ̀tù olúkúlùkù tó máa wọ mọ́tò yín.

Àná ló tún pè mí pé ṣé mo ti kọ ọ́. Mo ní mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti fi kún un pé òun ti ń bá àwọn oníbàárà òun kọ lẹ́tà ọlọ́kọ̀ báyìí, pé owó ẹ̀ ò sí nínú owó àkọ́kọ́ ṣá o.