Ìrìn-àjò ìtàn sí ilé ìpọntí Weihenstephan: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ amọ̀nà tí mo sanwó fún

Ìdáhùn kan ṣoṣo tí amọ̀nà wa fún mi lórí òkè Weihenstephan, ní ìlú Freising ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ló jẹ́ kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló dúró yí wa ká. Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni ohun tí mo kà, pé ayédèrú ni ìwé tí wọ́n ní ó fún àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ láṣẹ láti máa pọn ọtí ní ọdún 1040. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ jẹ́ kí á gbádùn ara wa lónìí," ó sì kẹ̀yìn sí mi. Inú bí mi débi pé n kò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà: ó ń rẹ àgbàdo, ó ń fi ewé bò ó títí yóò fi hù, ó ń sá a, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń sè é, ó sì ń fi í sílẹ̀ kó kan. Nígbà tí mo rí i pé ilé-iṣẹ́ kan ní Munich ń mú àlejò lọ gbọ́ ìtàn ilé ìpọntí tí wọ́n ní ó pẹ́ jù lọ láyé, láti ọdún 1040, ìtàn ni mo sanwó fún. Yúrò 65 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ èmi àti lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin tó bá mi lọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan. Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kí á pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin ńlá. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo pe nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó gbé e ní amọ̀nà ti wà níbẹ̀. Mo tún pè, ó ní bóyá àwa la dúró síbi tí kò yẹ. Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n ní sùúrù, orin sì ń dún sí mi létí títí ọkùnrin náà fi yọ ní 9:25. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ka orúkọ wa, ó ṣì mí lórúkọ pè, ó sì kó wa wọ ọkọ̀ ojú irin S1 tó ń lọ sí Freising.

Síbẹ̀, ó mọ ìtàn sọ, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Níbi àwókù ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n kọ́ síbi ìsun omi Ẹni Mímọ́ Corbinian, ó ṣàlàyé bí bíṣọ́ọ̀bù náà ṣe tẹ̀dó sórí òkè yìí ní nǹkan bí ọdún 725. Ó sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu pé béárì kan pa ẹṣin tó ru ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Róòmù, tí Corbinian sì pàṣẹ kí béárì náà fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ru ẹrù ọ̀hún. Béárì yẹn ṣì wà lára àmì ìlú Freising, ó sì wà lára àmì oyè Póòpù Benedict XVI, ẹni tó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Munich àti Freising rí. Ó tún sọ bí ìjọba Bavaria, ìpínlẹ̀ tí Freising wà, ṣe gba ilẹ̀ àti ilé lọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì ní ọdún 1803: àwọn mọ́ńkì tú ká, ṣùgbọ́n iná abẹ́ ìkòkò ọtí kò kú, ìjọba ló ń bá a lọ títí di òní. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ ọdún 1040 àti Arnold, olórí àwọn mọ́ńkì, ni mo bá béèrè ìbéèrè mi.

Mo gbé ìbínú mi dé ìdí oúnjẹ ọ̀sán. N kò tíì gé búrẹ́dì mi tí ọkùnrin náà fi fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó sì ní, "Ẹ dárí jì mí, ìyáàfin. Ìbéèrè yín tọ́." Ó ní ilé-iṣẹ́ òun ló kọ ohun tí àwọn amọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ, àyè àlàyé kò sì sí nínú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tìdítìdí. Ó ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé wọ́n ṣe ìwé ọdún 1040 náà. Èyí tó lágbára ni ìwé ọdún 768, tó sọ̀rọ̀ oko kan nítòsí tí wọ́n ti ń gbin hop, òdòdó tó ń mú bíà korò, tí ẹni tó ni oko náà ń san ìdámẹ́wàá fún ilé àwọn mọ́ńkì. Ṣùgbọ́n oko hop kì í ṣe ilé ìpọntí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí padà sí i. Ó béèrè bí ìyá mi ṣe ń mú kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tètè kan, mo ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò àná ló máa ń dà sí tòní. Ó lu tábìlì. Ó ní òfin ọdún 1516 lórí ohun tí wọ́n lè fi pọn bíà, èyí tí Wilhelm IV àti àbúrò rẹ̀ Ludwig X, tí wọ́n jọ ń ṣàkóso Bavaria, ṣe ní Ingolstadt, dárúkọ ọkà báálì, hop àti omi, kò sì dárúkọ ìwúkàrà rárá, nítorí pé nígbà náà kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Ó mú wa yí òkè náà ká, ó fi ibi tí wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọtí pípọn wá láti Schleissheim ní 1852 hàn wá, èyí tó di ara yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Munich ní 1930. Irú ìwúkàrà kan tí wọ́n ń pè ní W-34/70, tí orúkọ rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, wà nínú ìkòkò àìmọye àwọn apọntí káàkiri ayé báyìí. Bí èmi bá ni òkè yìí, ìyẹn ni ǹ bá kọ sára ìpolówó, n kò ní nílò ìwé ayédèrú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi kọjá àkókò iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gba ẹ̀bùn owó tí àbúrò mi nà sí i.

Ilé-iṣẹ́ náà ni kò yí padà. Mo kọ̀wé sí wọn nítorí ìṣẹ́jú 25 yẹn àti nítorí ìpolówó wọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èkejì béèrè nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ti kọ sínú lẹ́tà tèmi, ẹ̀kẹta ní àwọn yóò dín owó ìrìn-àjò mìíràn kù fún mi. Kò sí ẹni tó dá kọ́bọ̀ padà, 1040 ṣì wà nínú ìpolówó náà ní àná tí mo wò ó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ béèrè fún ọkùnrin onígíláàsì tó máa ń gbé àpò aláwọ̀ ewé, kí ẹ sì fi ìbéèrè yín pamọ́ di ìdí oúnjẹ ọ̀sán.