Crock-Pot oní-quart 7: ohun tó lè ṣe fún ejìká ẹlẹ́dẹ̀, àti ibi tí agbára ẹ̀ mọ

Ẹni tó bá ń ro Crock-Pot rírà, ìyẹn ìkòkò oníná mànàmáná tó ń sè oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pulled pork (ejìká ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n wá fi fọ́ọ̀kì fà ya), kó rà á. Kò sí ẹran tí ìkòkò yìí mọ̀ ọ́n sè tó ejìká ẹlẹ́dẹ̀. Àmọ́ kó má rò pé inú ẹ̀ náà ni sọ́ọ̀sì barbecue á ti jinná, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ba ẹran tó dáa jẹ́. Ìkòkò yìí ló ni ẹran, gáàsì ló ni sọ́ọ̀sì, ìgbà tí wọ́n bá fa ẹran ya tán ni àwọn méjèèjì tó ń pàdé.

Èyí tí à ń yẹ̀ wò ni Crock-Pot tó gùn díẹ̀, tí kì í ṣe róbótó, tó ń gba quart 7, ìyẹn bíi líítà 6.6. Kò ní aago, kò ní ojú tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń yí ló ní: OFF, LOW, HIGH, WARM. Ìkòkò amọ̀ tó wà nínú ẹ̀ wúwo, ó ṣeé yọ fọ̀, ọmọrí gíláàsì ló sì ń bò ó. Wáyà tó ń gbóná yí ẹ̀gbẹ́ ká ni, iná kì í ti ìsàlẹ̀ nìkan wá bíi ti gáàsì, ìdí nìyẹn tí ìdí ìkòkò kì í fi í tètè jó. Iná tó ń jẹ kò ju bíi wọ́ọ̀tì 270 lọ. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún wákàtí 9, kò ní jẹ tó yúnìtì méjì àtààbọ̀.

Irving Naxon ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ìkòkò yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1940, ẹ̀wà ló sì fẹ́ kí wọ́n máa fi í sè. Ilé iṣẹ́ Rival ní Kansas City ra iṣẹ́ Naxon ní 1970, wọ́n sọ ọ́ ní Crock-Pot, wọ́n sì gbé e wọ ọjà ní 1971. Kansas City yìí kan náà ni ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ sọ́ọ̀sì pupa tó ki, tó dùn, tí tòmátò àti molasses (omi ìrèké dúdú tó ki) wà nínú ẹ̀. Sọ́ọ̀sì yẹn náà ló bá ẹran inú ìkòkò yìí mu jù. Ẹran tí wọ́n fi igi sun ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ti ní èéfín lára, ara ẹ̀ sì ti gbẹ lóde, ìyẹn ni vinegar tó ṣàn pẹ̀lú ata fi tó o. Ẹran inú Crock-Pot kò ní èéfín, ó sì tutù nínú omi ara ẹ̀. Tí ẹ bá da sọ́ọ̀sì tó ṣàn lé e lórí, á kàn máa ro tótó ni, búrẹ́dì á sì rọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alápatà. Ní Amẹ́ríkà, Boston butt ni kí ẹ béèrè. Apá òkè ejìká ni, kì í ṣe ìdí bí "butt" inú orúkọ ẹ̀ ṣe dún. Ní ìlú Ọba, pork shoulder ni wọ́n ń kọ sí i lára, ẹ yan èyí tí ọ̀rá wà láàárín ẹran, kì í ṣe èyí tí ọ̀rá bò lóde nìkan. Apá ìsàlẹ̀ ejìká tí wọ́n ń pè ní picnic náà ṣeé lò, àmọ́ awọ àti eegun ẹ̀ pọ̀. Loin, ìyẹn ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, ni kí ẹ má dán wò rárá. Kò lọ́ràá, kò sì ní ohun tó máa yọ́ nínú ẹ̀. Bó bá ṣe ń pẹ́ lórí iná ni yóò máa gbẹ sí i, kò sí sọ́ọ̀sì tó lè tún un ṣe.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti kúrò ní ewu tí àárín ẹ̀ bá dé 63°C tó sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ejìká tó wà ní 63°C ṣì le koko, fọ́ọ̀kì ò ní ràn án. Collagen tó so ẹran náà pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ dáadáa láti bíi 70°C, kì í sì yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń gbà. Tí àárín ẹran bá fi máa dé 93 sí 96°C, ó ti di omi tó ń yọ̀ lára ẹran, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀ láì gbẹ. Nítorí náà, ẹran tó bá ń bá fọ́ọ̀kì jà lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ kò tíì jinná ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ó ti jinná jù, wọ́n á pa iná, wọ́n á fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ. Ẹ dé e padà, ẹ fún un ní wákàtí kan sí i.

Fún ìkòkò tó tóbi tó báyìí, kílò 2.5 sí 3 ni kí ẹ rà. Ìkòkò gbọ́dọ̀ kún dé ìdajì ó kéré tán, kó má sì kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹran kílò kan nínú ìkòkò oní-quart 7 á tètè gbóná, etí ẹ̀ á sì gbẹ kí àárín tó rọ̀. Ẹ gé ẹran náà sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èròjà lè kan ibi púpọ̀. Tó bá ní eegun, ẹ fi eegun náà sí i. Ọ̀rá tó nípọn lóde, ẹ gé e kù bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà.

Èròjà tí wọ́n ń fi pa kílò 2.5 lára: iyọ̀ gíráàmù 30, brown sugar ṣíbí ńlá 2, paprika oníèéfín ṣíbí ńlá 2, black pepper ṣíbí kékeré 2, aáyù gbígbẹ àti àlùbọ́sà gbígbẹ ṣíbí kékeré méjì-méjì, ata gígún ṣíbí kékeré kan. Iyọ̀ ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má fi ojú dá a, torí kò sí omi tó máa gbẹ kúrò nínú ìkòkò yìí, ohun tí ẹ bá fi sí i ló máa wà níbẹ̀. Ẹ pa á lára lálẹ́, kó sun inú fíríìjì. Ní àárọ̀, ẹ tẹ́ àlùbọ́sà ńlá méjì tí ẹ ti gé sísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ to ẹran lé e, kí ọ̀rá kọjú sókè, kí ẹ wá da apple cider vinegar mílílítà 60 àti omi mílílítà 60 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó tó. Ẹran náà á tú omi púpọ̀ jáde fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń da líítà omi kan sí i ń bọ ẹran ni, adùn á sì ti bá omi lọ.

LOW fún wákàtí 9 sí 10, tàbí HIGH fún 6 sí 7. Ibi kan náà ni méjèèjì ń lọ, ìtòsí ibi tí omi ti ń hó. Ìyára tí wọ́n fi ń débẹ̀ ló yàtọ̀. LOW sàn jù fún ejìká, torí ẹran náà á pẹ́ níbi tí collagen ti ń yọ́. Ẹ má ṣí ọmọrí. Omi tó ń kán láti ara gíláàsì ló ń dí etí ìkòkò, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ẹ ti fi ìṣẹ́jú 20 sí 30 kún un. Ẹran tó dì gbagidi kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ rárá: á pẹ́ jù láàárín 4°C àti 60°C, ibi tí kòkòrò àìsàn ti ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó yọ́ tán nínú fíríìjì, ejìká ńlá á gbà tó ọjọ́ méjì. (Ìkìlọ̀ kan tó jọ ọ́, torí wọ́n máa ń sè ẹ̀wà tì í: ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans gbọ́dọ̀ hó lórí gáàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọ inú ìkòkò yìí. Májèlé tó wà lára ẹ̀ kì í kú lórí iná rọra.)

Tí eegun bá ti yọ bọ̀rọ̀ láì gbé ẹran dání, ó ti tó. Ẹ kó ẹran jáde sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wá fi fọ́ọ̀kì méjì fà á ya, kí ẹ máa ṣa ọ̀rá tí kò yọ́ kúrò. Ẹ fà á nípọn díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ lù á di ẹ̀kọ, kò ní ṣeé jẹ lẹ́nu. Omi tó kù nínú ìkòkò, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó dúró kí ọ̀rá léfòó, ẹ bu ọ̀rá náà dà nù, kí ẹ wá gbé omi yẹn ka gáàsì kó gbẹ ku ife kan. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dà á padà sórí ẹran, torí bó ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ ẹ̀ ń mú sí i. Ìdajì ife ló sábà máa ń tó.

Nǹkan tó dun ni lórí ọ̀rọ̀ sọ́ọ̀sì ni pé ìwé ìdáná pọ̀ tó ní kí wọ́n da odindi ìgò sọ́ọ̀sì lé ẹran láti àárọ̀. Ṣúgà inú ẹ̀ á jó mọ́ etí amọ̀, níbi tó ti gbóná jù. Omi ẹran á là á títí á fi ṣàn. Kíkan vinegar tó yẹ kó gé ọ̀rá lẹ́nu á ti parẹ́ tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 30 ni sọ́ọ̀sì gidi ń gbà lórí gáàsì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi du ara ẹ̀.

Ẹ rin àlùbọ́sà kékeré kan, ẹ dín in nínú bọ́tà ṣíbí ńlá kan lórí iná kékeré títí á fi rọ̀, láì jẹ́ kó pọ́n. Ẹ fi aáyù ẹyọ mẹ́ta tí ẹ lọ̀ sí i, ìṣẹ́jú kan péré, torí aáyù tó bá jó á korò dé òpin. Lẹ́yìn náà, ketchup ife kan àtààbọ̀ (mílílítà 360), apple cider vinegar ìdajì ife, brown sugar gíráàmù 100, molasses ṣíbí ńlá 3, Worcestershire sauce ṣíbí ńlá 2, mustard ṣíbí ńlá kan, paprika oníèéfín ṣíbí kékeré 2, black pepper ṣíbí kékeré kan, ata gígún ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Ketchup àti Worcestershire ti ní tiwọn. Iná kékeré fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, ẹ ya ọmọrí díẹ̀ torí á máa ta sókè, kí ẹ sì máa fi ṣíbí kan ìdí ìkòkò. Ó jinná tí ẹ bá fi ṣíbí la ìdí ìkòkò tí ojú ọ̀nà náà kò pa dé lójú ẹsẹ̀. Tó bá ṣì kan jù, ẹ má sáré wá ṣúgà kún un. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, kíkan náà á rọlẹ̀. Tó bá ki jù, omi ẹran tí ẹ gbẹ ni kí ẹ fi là á, ẹ má fi omi lásán.

Tí ketchup kò bá sí, tòmátò kíki inú agolo (tomato paste) gíráàmù 200 pẹ̀lú omi mílílítà 200 lè dípò ẹ̀, ẹ fi vinegar ṣíbí ńlá 2 àti ṣúgà ṣíbí ńlá 3 kún un, kí ẹ sì kọ́kọ́ dín tòmátò náà dáadáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa rùn bí agolo. Ife kan àtààbọ̀ sọ́ọ̀sì tó fún ẹran tó jáde lára kílò 2.5; ìyókù, ẹ gbé e sórí tábìlì.

Ohun tí ìkòkò yìí kò lè ṣe láéláé ni èèpo dúdú tó máa ń wà lára ẹran tí wọ́n sun lórí igi. Inú ẹ̀ tutù jù fún un. Ọ̀nà àbáyọ wà: ẹ tẹ́ ẹran tí ẹ ti fà ya sórí páànù òfìfo, ẹ wọ́n sọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i, ẹ tì í sábẹ́ iná òkè nínú oven fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 títí etí ẹ̀ á fi máa pọ́n. Ẹ má gbé ìkòkò amọ̀ náà síbẹ̀. Ó lè wọ oven lásán dé 204°C láìsí ọmọrí, ṣùgbọ́n iná òkè àti gáàsì á là á. Omi tútù lára amọ̀ tó gbóná náà á là á, torí náà ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Fún àwọn tó ń ra ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sílé: volt 120 ni wọ́n ṣe é fún. Tí wọ́n bá kì í bọ iná 230 ní Nàìjíríà, agbára tó máa wọ inú wáyà ẹ̀ á fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin, á sì jó. Tírànsífọ́mà wọ́ọ̀tì 500 tó ń sọ 230 di 110 á gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tà ní ìlú Ọba kò nílò ìyẹn rárá, píláàgì ẹ̀ pàápàá bá ti Nàìjíríà mu. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹran kò tíì gbóná dé inú, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ kó o sórí gáàsì, kó jinná níbẹ̀. Tí ẹ kò bá sí nílé nígbà tí iná lọ, tí ẹ kò sì mọ bó ti pẹ́ tó, ẹ da ẹran náà nù.

Àìní aago ni àléébù tó wúwo jù lára èyí tí a yẹ̀ wò. Ẹni tó ń jáde fún wákàtí 12, kó fi owó kún un kó ra èyí tó ń yí ara ẹ̀ sí WARM tí àkókò bá pé. Ẹni tó bá ń gbélé, olówó pọ́ọ́kú yìí tó o, ẹran tó máa jáde nínú méjèèjì kò yàtọ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè fi ẹran màlúù tí wọ́n ń pè ní chuck dípò, ìwọ̀n kan náà, wákàtí 8 sí 9 lórí LOW.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ pín in sínú ọ̀rá ìdìǹkan ní gíráàmù 300-300, ẹ bu omi ẹran ṣíbí ńlá 3 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà gbẹ, kó wọ fíríìsà láàárín wákàtí méjì. Orí gáàsì tàbí inú microwave ni kí ẹ ti mú un gbóná títí á fi dé 74°C. Crock-Pot kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ tútù gbóná, ó lọ́ra jù.