Awọ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìsanra: àgbéyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan ní Àbújá

Fọ́ọ̀mù kan ni ó mú kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Lórí fọ́ọ̀mù náà, èyí tí ẹ̀ka ìṣúná ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àbújá kọ nípa mi, wọ́n ní èmi ni mo kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí náà wọn kò ní dá gbogbo owó àsansílẹ̀ mi padà. Irọ́ ni. Dókítà wọn gan-an ni ó ní kí n má tíì ṣe é. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ tí wọ́n ti sanra rí, tí wọ́n ti wá tẹ́ẹ́rẹ́, tí awọ sì kù sí wọn lára bíi tèmi, tí wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè bóyá kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n máa gbé e kiri.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kàbà. Nígbà tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru jọ wọlé tọ̀ mí, kílò 134 ni mo wọ̀n. Nígbà tí mo lọ sí Àbújá, mo ti di kílò 79. N kò ní sọ bí mo ti ṣe é, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn ìdájí àti oúnjẹ dídínkù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ṣáájú ni pé awọ kì í bá ọ̀rá lọ. Awọ tí ó ti nà fún ọdún púpọ̀, tí àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó fà á padà ti já, kò sí ìpara tàbí eré ìdárayá tí yóò dá a padà sí ipò rẹ̀. Ti ikùn mi rọ̀ wálẹ̀ bo ìbẹ̀rẹ̀ itan mi, bí àpò ìrẹsì tí wọ́n ti da inú rẹ̀ nù, ti apá mi sì ń mì lábẹ́ bùbá nígbà tí mo bá ń kọ nǹkan sára pátákó.

Láàárín awọ ikùn yìí àti ara tí ó bò mọ́lẹ̀, òógùn kì í gbẹ. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, tí ooru bá mú gan-an, ibẹ̀ a pọ́n, a bó, a sì máa rùn bí mo bá pẹ́ ní kíláàsì. Mo gé bẹ́díṣíìtì funfun àtijọ́ kan sí pẹlẹbẹ, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo sì ń tẹ́ ọ̀kan sábẹ́ awọ náà kí n tó ró ìró. Bí agogo ìsinmi bá lù, n óò wọ ilé ìtọ̀ àwọn olùkọ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀, n óò ká èyí tí ó ti tutù sínú ọ̀rá, n óò sì tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi, lábẹ́ ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ọkọ mi nìkan ni ó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó wà ní Ìyàrá kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ rárá. Ó ní, “Àbúrò, ta ní í gé awọ ara rẹ̀ dànù nítorí pé ó fẹ̀ jù?” Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́kọ́ ń fa ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan láti bi í bóyá àìsàn ni ó gbẹ mí, bí mo bá tún wá lọ dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, wọn yóò ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákàǹ tọ alábẹ lọ. Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì ní Ìlọrin ní ẹ̀ka tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé ètò adójútòfò ìlera kì í sanwó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ti kà sí ti ẹwà. Àbújá ni mo yàn nítorí pé àbúrò ọkọ mi ní ilé sí Kubwa, ẹni tí wọ́n bá sì gé lára nílò ibi tí yóò sùn sí.

Ọmọbìnrin tí ó ń dáhùn lórí WhatsApp wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa, Mọ́mì ni ó sì ń pè mí. Ó ní kí n fi fọ́tò ikùn àti apá ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iye owó ti dé: ikùn, ọmú àti apá, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ₦6,800,000. N kò dárúkọ ọmú rárá. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀ tán, ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀dínwó yìí máa parí.” Mo béèrè ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà àti ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́, ó fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí mi. Mo béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí dókítà bá ní kò ṣeé ṣe; ó fi ẹni tí ń jó ránṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó dáhùn láìfi falẹ̀ ni ti owó: bí n kò bá san ₦500,000 sílẹ̀, wọn kò ní fún mi ní ọjọ́ tí n óò rí dókítà. Mo san án.

Yàrá ìgbàlejò wọn tutù, ó mọ́, ọ̀pọ̀ àga wọn kò sì ní apá. Ẹni tí ó ti sanra rí ni yóò mọ ìdí tí mo fi kọ́kọ́ wo àga. Nọ́ọ̀sì tí ó wá mú mi wo orúkọ mi lórí káàdì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òkun o, Mọ́mì,” bí àwa ará Òkun ti ń kí ara wa. Ọmọ Mọ̀pà ni. Bí mo ti ń tú ìró mi nínú yàrá àyẹ̀wò, aṣọ funfun yẹn já bọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ wá a láti tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì náà wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó wo ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó wà létí rẹ̀, ó sì jù ú sínú garawa. Kò ṣe ojú bákan bákan. Mo fẹ́ nu abẹ́ awọ náà kí dókítà tó dé, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú: “Ẹ má nù ún, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe wà.” Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn púpọ̀ nítorí ṣúgà yìí, n kò tíì rí nọ́ọ̀sì tí ó bá mi ṣe báyẹn rí.

Dókítà wọlé, Yorùbá Èkìtì sì ni ó fi kí mi. Ó ní kí n dìde dúró, kí n fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé awọ ikùn náà sókè fúnra mi. Ó lóṣòó, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ó bó, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Mà, èwo ló ń dà yín láàmú gan-an: èyí tí ẹ ń rí nínú jíńgì, àbí ibí?” Mo ní ibẹ̀ ni. Ó ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, kí n jókòó kí òun ṣàlàyé.

Èyí tí wọ́n ń pè ní panniculectomy ni ti gígé awọ tí ó rọ̀ wálẹ̀ kúrò, láìfọwọ́ kan iṣan ikùn. Tummy tuck ni èyí tí wọ́n tún ti ń rán iṣan tí oyún ti yà sọ́tọ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń yọ ihò tuntun fún ìdodo. Ti àkọ́kọ́ ni ó kan egbò mi. Ó fi ìka fa ilà sí ìsàlẹ̀ ikùn mi, láti egungun ìbàdí kan dé èkejì, kí n lè mọ bí àpá náà yóò ti gùn tó. Ó gùn ju bí mo ti rò lọ. Ó wo àpá abẹ́rẹ́ BCG ní apá mi, ó wo ẹ̀yìn etí mi níbi ihò yẹtí, ó wo àpá ibi tí wọ́n ti là mí gbẹ̀bí ọmọ mi kejì, ó ń wá kẹ́lọ́ìdì, àpá tí ó máa ń wú kọjá ojú egbò, nítorí ara adúláwọ̀ máa ń hu ú ju ti òyìnbó lọ. Kò rí i. Ó ní omi lè gbá jọ sábẹ́ awọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò fi abẹ́rẹ́ fà, pé ojú egbò lè tú, pé ìsàlẹ̀ ìdodo lè kú tipiri fún oṣù mélòó kan. Ti apá, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ó ń mì nìkan ni, kí n fi í sílẹ̀, nítorí àpá rẹ̀ yóò máa hàn nígbàkigbà tí mo bá gbé ọwọ́ sókè, ó sì lè nípọn.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n ọmọ yín orí WhatsApp ní kí n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan.” Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bí ènìyàn bá ti ń pẹ́ tó lábẹ́ oògùn oorun ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ń pọ̀ tó, èyí tí ó lè gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó sì pa ènìyàn, pé òun kò ní ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún alátọ̀gbẹ tí PCV rẹ̀, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti obìnrin kò yẹ kí ó dín ní 36. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fi oúnjẹ díẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ní purotéènì àti èròjà irin tí ó tó, egbò wọn kì í sì í tètè jinná. Ìwọ̀n mi pẹ̀lú ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹ́ kí ó dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, nítorí bí wọ́n bá gé awọ tán tí ara mi tún fọn sí i, òmíràn yóò tún rọ̀. Ó ní, “N kò ní gé yín báyìí, Mà.”

Inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa fi omi ọsàn lò ó, kí n má fi tíì lò ó. Ó ní kí n máa jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà sí i. Ó fún mi ní ìpara fún abẹ́ ikùn, ó sì ní aṣọ tí ó bá ti tutù kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú mi nílé. Nígbà tí mo ní Kàbà ni mo ń gbé, ó ní òun mọ ọ̀nà Ọbájánà àti àwọn tírélà rẹ̀, pé n kò ní gun mọ́tò gba ibẹ̀ títí wọn yóò fi yọ rọ́bà tí ń fa omi ara jáde, àti pé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà n kò ní gbé ohun tí ó wúwo, garawa omi pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ garawa yìí ni mo gbé kúrò níbẹ̀ jù. Ní ilé wa, inú kànga ni omi ti ń wá, àwọn ọmọ mi sì ti lọ sí yunifásítì.

Inú dídùn yìí kò kọjá àtẹ̀gùn. Ní ìsàlẹ̀, ọkùnrin tí ó wà ní ẹ̀ka ìṣúná kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ó fi ní ₦350,000 ni n óò gbà nínú ₦500,000 mi, nítorí pé oníbàárà ni ó kọ̀. Mo ní èmi kọ́ ni mo kọ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi kí n rí i: nǹkan méjì péré ni wọ́n fi síbẹ̀ tí òun lè tẹ̀, yálà iṣẹ́ abẹ wáyé tàbí oníbàárà kọ̀. Kò sí ibi tí ènìyàn lè kọ ọ́ sí pé dókítà ni ó dá a dúró! Ilé ìwòsàn tí ó bá ṣe fọ́ọ̀mù báyẹn kò rò ó rí pé dókítà lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé rárá. Nọ́ọ̀sì ọmọ Mọ̀pà yẹn ni ó sáré lọ pe dókítà. Dókítà sọ̀ kalẹ̀ wá, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ gbalaja sójú fọ́ọ̀mù náà pé òun ni òun ní kí n dúró nítorí PCV mi, ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé owó kà á, ó lu òǹtẹ̀ lé e lórí, ó sì tún san ₦350,000 náà. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ ìwé ọwọ́. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn. Ìdáhùn tí mo rí wá láti orí WhatsApp: “Mọ́mì, ẹ̀dínwó tuntun ti dé o.”

Ìpara náà ṣiṣẹ́, ojú egbò gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá dúpẹ́, kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo sì rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dáwọ́ dúró tí ooru sì padà, òógùn yóò tún gbá jọ síbẹ̀, nítorí awọ náà ṣì wà níbi tí ó wà. N kò sì ní purọ́ fún yín, jíńgì pẹ̀lú ń dà mí láàmú. Nítorí náà n óò ṣe ti ikùn, panniculectomy nìkan, ní ìsinmi gígùn, bí PCV mi bá ti tó 36 tí ìwọ̀n mi sì ti dúró. Ọwọ́ dókítà yìí kan náà ni n óò lọ, ní ilé ìwòsàn yìí kan náà, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè rí ẹni tí yóò kọ owó mi láti lè sọ òtítọ́ fún mi. Apá mi yóò máa wà nínú bùbá. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín nílé kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, iye tí wọn yóò dá padà bí dókítà bá ní kí ẹ dúró.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5.