Tìbú Tòòró: Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Ti Ń Yanjú Crossword Lójoojúmọ́

Aago 6 àárọ̀ kì í bá mi lórí ibùsùn mọ́. Crossword tí mò ń sanwó fún lórí fóònù, aago New York ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Tí aago 12 òru bá lù lọ́hùn-ún, aago 6 àárọ̀ ni níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí aago 5 láwọn oṣù tí wọ́n bá sún aago wọn síwájú. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ní ní Under-G, kò jìnnà sí géètì LAUTECH. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa kó àsáímẹ́ǹtì wọn dé, mo ti máa ń yanjú ìdajì rẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Àwọn kan tó rí i lọ́wọ́ mi ń bi mí pé ṣé ó tó ohun téèyàn ń náwó lé, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, báyìí ló rí: àpótí kan ni, ojú 15 ní ìbú, ojú 15 ní òòró, 225 lápapọ̀. Ojú ni mò ń pè é torí ó jọ ojú ọpọ́n ayò lójú mi. Wọ́n á kun díẹ̀ nínú wọn dúdú. Ojú tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀, lẹ́tà kan sì ni ojú kan ń gbà. Ọ̀rọ̀ ìbú ni èyí tó lọ láti òsì sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ òòró ni èyí tó lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ohun tó gbádùn mọ́ni nínú rẹ̀ ni pé lẹ́tà tí o kọ fún ọ̀rọ̀ ìbú, òun náà ni ọ̀rọ̀ òòró máa lò. Ti ọjọ́ Ajé ló rọrùn jù, á máa le sí i títí di Sátidé. Ti Sunday tóbi, 21 sí 21. Bí o bá sì dorí ìwé náà kodò, ibi tí àwọn ojú dúdú wà tẹ́lẹ̀ náà ni wàá tún ti bá wọn. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó ṣàkíyèsí ìyẹn, ẹnu sì yà mí púpọ̀. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé èyí àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1913. Orí ìwé ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé orí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ adùn rẹ̀ ná. Mi ò tíì wo baseball rí láyé mi. Ní ọjọ́ kan wọ́n béèrè orúkọ agbábọ́ọ̀lù Giants kan, Mel kinní kan, lẹ́tà mẹ́ta. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mo fò ó, mo ń bá ọ̀rọ̀ òòró lọ. Òòró àkọ́kọ́ fún mi ní O, èkejì fún mi ní T, ẹ̀kẹta náà fún mi ní T. OTT. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí wá jókòó síwájú mi láìṣe pé mo bi ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà mi ò gbàgbé orúkọ ọkùnrin yẹn mọ́. Òòró ló bá mi mọ ìbú, ohun tí mò ń sanwó fún gan-an nìyẹn.

Ohun kejì tó mú mi lọ́kàn, mi ò rò pé àwọn tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n. Torí pé gbogbo lẹ́tà ló ń ṣiṣẹ́ méjì, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí fáwẹ̀lì kún inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sì jọ tiwa bí ìbejì! IRE jẹ́ ìbínú lọ́dọ̀ wọn. EWE jẹ́ abo àgùntàn. OBI jẹ́ ọ̀já tí àwọn ará Japan fi ń di aṣọ kimono wọn mọ́ra. ALE jẹ́ ọtí, OLE sì ni ariwo tí wọ́n ń pa níbi tí wọ́n ti ń bá akọ màlúù jà ní Spain. Ire, ewé, obì, alẹ́, olè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ti máa ń kọ ọ́ kí n tó rántí ohun tó túmọ̀ sí lédè wọn. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí obì nínú ìwé ará Amẹ́ríkà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe obì tí à ń pa.

Bàbá Tíṣà ni a jọ ń ṣe é. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ilé wọn ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo máa ń tẹ ẹ̀dà kan jáde fún wọn nítorí wọn kì í fẹ́ fi ìka kọ̀wé lórí fóònù. Pẹ́ńsù àti ìrésà ni tiwọn. Ní Satide kan, ìbéèrè kan dè wá mọ́lẹ̀ fún odidi wákàtí kan: "Flower of London?", lẹ́tà mẹ́fà. Mo dárúkọ gbogbo òdòdó tí mo mọ̀, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, Bàbá fi pẹ́ńsù kan àmì ìbéèrè tó wà níparí rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, àmì yìí ní kí á ṣọ́ra. Kí ni omi máa ń ṣe lédè Òyìnbó?"

"Ó máa ń flow, sà."

"Èyí tó bá wá ń flow ńkọ́?"

Ara mi bù máṣọ. Kì í ṣe òdòdó rárá, odò ni! Odò tó ń ṣàn gba London kọjá: THAMES. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ṣebí àlọ́ tí wọ́n ń pa fún àwọn lálẹ́ nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ọmọdé náà nìyí: awẹ́ obì kan à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́, kí ni o? Ahọ́n. Ẹni tó bá ń wá obì kò lè rí i láé. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti rí àmì ìbéèrè níparí, àlọ́ ni mo mọ̀ pé wọ́n ń pa fún mi, mi ò sì ń kánjú mọ́.

Ó ku ohun tó ń bí mi nínú, ó sì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn orúkọ. Òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ti ọdún 1970, ọṣẹ ìfọṣọ wọn, ìlú kéékèèké wọn. Mo fara mọ́ ọn tó bá jẹ́ ìbú nìkan, torí òòró á gbà mí. Àmọ́ tí wọ́n bá fi orúkọ àjèjì kan dábùú orúkọ àjèjì mìíràn, ibi tí méjèèjì ti pàdé, oríire nìkan ló kù. Kò sí làákàyè tó lè yọ èèyàn níbẹ̀. Àṣìṣe ẹni tó ṣe é ni mo kà á sí, kì í ṣe tèmi.

Owó rẹ̀ náà wàhálà ni. Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Káàdì náírà mi kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá, mo ní láti bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lókè òkun kó bá mi san án. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, kó lo àwọn kékeré ti ọ̀fẹ́, ojú 5 sí 5. Ìṣẹ́jú méjì lo máa fi parí ẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti kíkà ọjọ́. Áàpù náà máa ń ka iye ọjọ́ tí o ti yanjú rẹ̀ láìfo ọ̀kan. Tèmi ti dé 112. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo parí rẹ̀ kí n tó sùn, ìmọ́lẹ̀ ti lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì lọ. Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa fi padà, ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, iye mi ti di òdo. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Ọjọ́ 112! Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò rò ó rárá pé àwọn kan ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀.

Síbẹ̀, ó sàn ju èyí tí mo ń rà nínú ìwé ìròyìn ní Tákíé tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí nọ́ńbà 17 lójú méjì, ìdáhùn tí wọ́n sì tẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ti àpótí mìíràn ni.

Ó wá jẹ́ pé lọ́dún yìí ni èmi àti Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú ti Yorùbá. A rò pé á rọrùn nítorí ire àti obì yẹn. Kò rọrùn. Kọ ilé sí ìlà àkọ́kọ́: fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáńtì, fáwẹ̀lì. Tí àwọn òòró bá tún bẹ̀rẹ̀ láti I àti E, kọ́ńsónáńtì ló máa bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, òun náà ló sì máa parí ẹ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í sì parí báyẹn, àfi ti n tí à ń fi imú pè. Ojú àárín ni a kun dúdú, ló bá gbà:

I L E
L ■ R
A J O

Ìbú òkè, ibi tí à ń padà sí lálẹ́: ilé. Òòró òsì, èyí tó ń yọ̀ nínú ìkòkò: ilá. Òòró ọ̀tún, àwọn tó kún inú mọ́tò ní gáréèjì: èrò. Ìbú ìsàlẹ̀, ohun tí wọ́n ń lọ: àjò. Bàbá ní àmì ohùn kò gbọ́dọ̀ wọnú ojú, torí ìbéèrè ló máa sọ bóyá ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni. Àmọ́ ẹ, ọ àti ṣ gbọ́dọ̀ ní àmì abẹ́ wọn, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì parí rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ní kí n fún òun ní èyí tó tóbi jù ú lọ. A ti dé ojú 7 sí 7 báyìí. Àgbàdo ló dá wa dúró: ṣé ojú kan ni gb máa gbà ni, àbí méjì? Mo ní méjì. Bàbá ní lẹ́tà kan ni nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ojú kan ló tọ́ sí i, wọ́n sì ti fi pẹ́ńsù kọ méjèèjì papọ̀ sínú ojú kan ṣoṣo kí n tó lanu.