Héèdìsẹ́ẹ̀tì PS5: olókùn àbí aláìlókùn?
Olókùn kò ní wàhálà rárá: ki ẹnu okùn rẹ̀ bọ ihò 3.5mm tó wà lára páàdì tó o fi ń gbá géèmù PS5, ohùn dé nìyẹn. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé okùn á dè wọ́n mọ́ ìdí tẹlifíṣọ̀n. Irọ́ ni o, páàdì ọwọ́ rẹ ló so mọ́. Kì í béèrè ṣáájì tirẹ̀.

Aláìlókùn bíi Pulse 3D ti Sony lè lò tó wákàtí 12 kó tó kú. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń kì bọ ojú USB. Má sọ ọ́ nù, nítorí PS5 fúnra rẹ̀ kì í gbé ohùn gba Bluetooth. Ohùn 3D tó ń jẹ́ kó o mọ ibi tí ọ̀tá ti ń yọ́ bọ̀, méjèèjì ló ń gbé e. Tówó bá há, ra olókùn.