Ripple mattress, ibùsùn aláfẹ́fẹ́ tó wà fún dídènà egbò ìdùbúlẹ̀, tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà àti Ìdí-Àràbà: ta ló yẹ kó rà á?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù àyíká LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà, ni oníròró: rọ́bà PVC fẹ́lẹ́ tó kún fún àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké, pọ́ǹpù kan tí a ń fi kọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àti ọ̀pá rọ́bà méjì. Orí fóòmù ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe orí irin. Bí pọ́ǹpù bá ti ń ṣiṣẹ́, ìlà kan á wú, ìkejì á rọ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ibì kan ṣoṣo lára aláìsàn kò ní máa ru ẹrù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Àmọ́ àwọn ẹbí tó ń sáré rà á kì í sábà mọ bí ewu egbò ìdùbúlẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára ẹni tí wọ́n ń rà á fún.

Ìwọ̀n Braden, tí Barbara Braden àti Nancy Bergstrom gbé jáde ní 1987, ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́fà ló ń wò: ṣé aláìsàn ń mọ̀ ọ́n lára bí ibì kan bá ń dùn ún, ṣé ara rẹ̀ ń tutù fún òógùn tàbí ìtọ̀, ṣé ó ń dìde, ṣé ó lè yí ara rẹ̀ padà, báwo ló ṣe ń jẹun, ṣé ara rẹ̀ ń yọ̀ tàbí ń ha mọ́ aṣọ ibùsùn. Ohun márùn-ún àkọ́kọ́ ń gba máàkì 1 sí 4, ìkẹfà ń gba 1 sí 3. 23 ni ó ga jù. Bó ṣe ń wálẹ̀ ni ewu ń pọ̀: láti 18 wálẹ̀, ewu ti dé, láti 12 wálẹ̀, ó ti le, 9 sísàlẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Nínú ICU, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, àpapọ̀ máàkì yẹn nìkan kò tó. Ẹni tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun, tí ẹ̀rọ ventilator ń bá a mí, ti gba 1 nínú dídìde àti 1 nínú yíyí ara padà kí a tó dé orí oúnjẹ, nítorí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ló máa wà lábẹ́ 18. Braden kò sì béèrè bóyá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti lọ sílẹ̀, bóyá ó wà lórí noradrenaline, oògùn tí wọ́n fi ń gbé ìfúnpá sókè, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún, tàbí bóyá ara rẹ̀ ti wú. Lójú tiwa, ẹni tó gba 13 tó sì wà lórí noradrenaline yẹ ní àbójútó ju ẹni tó gba 12 tí kò gba irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ibi tí máàkì ti já kí ẹ tó náwó. Bó bá jẹ́ yíyí ara padà, ripple mattress wúlò. Bó bá jẹ́ ọ̀rinrin, kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí PVC kì í mí, ó ń mú ooru àti òógùn pọ̀ sí i. Pámpáàsì tí a tètè pààrọ̀ àti ìpara tó ń dáàbò bo awọ lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ yíyọ̀, rọ́bà yìí lè dá kún un pàápàá. Nítorí ventilator, wọ́n ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè tó 30 degree, aláìsàn á sì máa yọ̀ wálẹ̀. Ẹ gbé apá orúnkún sókè kí ẹ tó gbé apá orí. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ tí kò tíì dúró kò gbọ́dọ̀ sùn lórí rẹ̀ rárá.

Ìtẹ́sí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á tẹ́ máàkíntọ́ọ̀ṣì, rọ́bà tí omi kì í gbà kọjá, wọ́n á tún tẹ́ ìró méjì lé e, àǹfààní rẹ̀ á sì pòórá. Aṣọ ibùsùn kan ṣoṣo, kó má le. Ẹ yí bọ́tìnnì pọ́ǹpù sí ìwọ̀n ara aláìsàn, kí ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rọ́bà náà níbi tí ìdí rẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ tó nípọn tó bí ínǹṣì kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ọwọ́ àti ara. Bí ọwọ́ bá kan egungun ìdí, kò sí ripple mattress níbẹ̀, rọ́bà lásán ni. Gìgísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara kan nǹkan kan: ìrọ̀rí gígùn sábẹ́ ẹ̀yìn ojúgun ló dáa, kì í ṣe ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rọ omi kún.

Kò sì gba iṣẹ́ yíyí aláìsàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wákàtí méjì-méjì ṣì ni, kó gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kó má fi ìgbáròkó sùn tààrà. Ẹ máa fọwọ́ kan awọ nígbà kọ̀ọ̀kan, torí pé lára adúláwọ̀, pípọ́n tí ìwé ń sọ kì í sábà hàn. Ẹ wá ibi tó gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tó le tàbí tó rọ̀ jù, tó dúdú bí elésè àlùkò: ìdí, gìgísẹ̀, ìpàkọ́, ẹ̀yìn etí níbi tí okùn oxygen gbà, àti orí imú.

Iná ni àléébù tó tóbi jù. Bí NEPA bá mú iná lọ, oníròró á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Iná tí pọ́ǹpù ń jẹ kéré, ínfátà kékeré gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́kàn lé jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pa ní ọ̀gànjọ́. Ibi tí iná kò bá dúró, fóòmù tó nípọn, tó dáa, la máa mú. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2019, tó kó aláìsàn 2029 jọ, kò rí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín ibùsùn aláfẹ́fẹ́ àti fóòmù olówó ńlá. Fóòmù ojúlówó ni wọ́n lò o, kì í ṣe èyí tó ti tẹ̀ láàárín.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ iná, kí ẹ dúró títí yóò fi kún, kí ẹ sì fetí sí ibi tó bá ń mí. Ẹ wo ẹ̀yìn pọ́ǹpù: tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ 110 volt, yóò sì jó lórí iná tiwa. Ẹ béèrè pátì àti gúlúù tí a fi ń lẹ̀ ibi tó bá jò, nítorí ojú abẹ́rẹ́ kan ti tó láti ba oníròró jẹ́. Èyí tí àpò rẹ̀ gùn bí ọ̀pá wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ẹ lè pààrọ̀ àpò kan ṣoṣo nínú rẹ̀.