Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Igi Ọsàn: Ẹ Tú Ọ̀rá Ìdí Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń wá igi ọsàn tí ẹ máa gbìn sí àyíká ilé yín, ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kòtò tí èmi jìn sí kò sì tíì dí, nítorí pé oníṣòwò tó lù mí ní jìbìtì ṣì ń polówó ọjà rẹ̀ lórí ayélujára títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe igi tó ti ń kú lọ ló ń tà, ìyẹn ì bá rọrùn láti mọ̀. Igi tó tutù yọ̀yọ̀ ni, tó ń rúwé dáadáa, tó sì jẹ́ pé ó di ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún kí ẹni tó rà á tó mọ̀ pé igi tí òun kò sanwó fún ni òun ń bomi rin láti ọjọ́ yìí wá.

Mẹ́rin ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní igi tí wọ́n lọ́ ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé wọ́n mú ojú, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń rú jáde, lára igi ọsàn dídùn tó ti ń so, wọ́n sì fi í sára ọ̀dọ́ igi mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, kí èso lè tètè jáde kí ó sì rí gẹ́lẹ́ bíi ti igi tí wọ́n ti mú ojú náà. Ó ní kò ní ju ọdún mẹ́ta lọ tí n ó fi máa ká ọsàn. Irọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, nítorí pé igi tí wọ́n bá lọ́ dáadáa lè so láàárín ọdún mẹ́ta lóòótọ́, nígbà tí èyí tó hù láti inú kóró lè gba ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n kó igi náà dé, wọ́n ti fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ìgbà tí èèyàn fi báńdéèjì di ojú ọgbẹ́, èso kan tó ti ń pọ́n sì rọ̀ sórí èyí tó kéré jù nínú wọn. Èso yẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó. Igi tí kò ga ju orúnkún mi lọ, tí ọ̀pá rẹ̀ kò nípọn ju ìka lọ, níbo ló ti rí agbára tó fi gbé ọsàn tó tó ìkúùkù? Ní ọjọ́ kẹta, mo fọwọ́ kàn án, ó já bọ́, ni mo bá rí wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n kùn bí àwọ̀ ewé: orí rẹ̀ kan gún inú èso, orí kejì lọ́ mọ́ ẹ̀ka. Mo pe oníṣòwò náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn fi wáyà dì í mú kó má baà já lójú ọ̀nà ni. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí pé mo gbà á gbọ́.

Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n gbìn ín jìn, kí erùpẹ̀ bo ibi tí ọ̀rá náà wà. Ẹni tó bá mọ̀ nípa igi ọsàn kò ní sọ bẹ́ẹ̀ láé, nítorí pé ibi tí wọ́n ti lọ́ igi gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀ kedere. Bí erùpẹ̀ tútù bá bò ó, ìdí igi lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, oje rẹ̀ a sì máa ṣàn jáde lára èèpo títí tí yóò fi kú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní oṣù kejì, mo tú ọ̀rá náà kó má baà fún igi lọ́rùn, mo sì rí i pé èèpo abẹ́ rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò sí àpá, kò sí kókó, kò sí ibi tí ọ̀bẹ kàn. Ńṣe ni mo rò pé ọwọ́ ẹni tó lọ́ ọ ló dá ṣáṣá. Kò sẹ́ni tó lọ́ nǹkan kan. Ọ̀rá lásán ni wọ́n wé mọ́ ọn.

Nígbà tó fi di ọdún kẹta, ẹ̀gún tó gùn tó ìka ọwọ́ ti bo gbogbo ẹ̀ka. Ní ọdún karùn-ún, méjì nínú wọn so lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo págunpàgun, tí kóró kún inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn atọ́gbìn máa ń gbìn kí wọ́n lè lọ́ ọsàn dídùn sí i lára. Igi ìdí, ìyẹn igi tí wọ́n ń lọ́ ọsàn sí lára, ni ó tà fún mi, kò fi ọsàn kankan sí i.

Igi tí wọ́n lọ́ nítòótọ́ kì í fi àpá pamọ́. Ẹ ní kí wọ́n tú ọ̀rá náà lójú yín, tàbí kí ẹ mú èyí tí wọ́n ti tú tirẹ̀, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tọ ara rẹ̀ láti orí erùpẹ̀ lọ sókè. Ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 sókè ilẹ̀, ó yẹ kí ọwọ́ yín kan kókó kan, tàbí ibi tí igi ti tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó nà ró, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni ojú tí wọ́n fi sí i ti rú jáde. Ní òdìkejì ibẹ̀, ẹ ó rí àpá ibi tí wọ́n ti gé orí igi ìdí kúrò. Àwọ̀ èèpo ìsàlẹ̀ àti ti òkè sábà máa ń yàtọ̀ síra. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ kókó yẹn ni gbogbo ẹ̀ka ti yọ, tí apá òkè ti gbẹ, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n lọ́ ti kú, igi ìdí ló kù tí wọ́n fẹ́ tà. Ewé pẹ̀lú máa ń tú àṣírí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ewé ọsàn dídùn, ọrùn rẹ̀ sì ní ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Irú igi ìdí kan wà tí ewé tirẹ̀ máa ń pín sí mẹ́ta lórí ọrùn kan ṣoṣo. Ẹ rún ewé kan ní àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń ta bíi lẹ́mọ́ọ̀nù, ẹ má tíì yọ owó.

N kò sọ pé jìbìtì ni gbogbo igi tó hù láti inú kóró o. Kóró ọsàn dídùn sábà máa ń hù jọ ìyá rẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé kóró ni òun gbìn, tó sọ pé ẹ ó dúró pẹ́ kó tó so, olóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun gbin kóró ọsàn onídodo, ìyẹn èyí tí ìdí rẹ̀ rí bí ìdodo, ń purọ́, nítorí pé ọsàn náà kò ní kóró. Lílọ́ ni wọ́n fi ń mú un bí sí i, láti orí igi tó ti Bahia ní ilẹ̀ Brazil dé Washington ní ọdún 1870, tí méjì nínú àwọn tí wọ́n lọ́ níbẹ̀ sì dé Riverside ní California ní ọdún 1873. Bákan náà, ẹ má ra kóró ọsàn aláwọ̀ búlúù. Kò sí irú ọsàn bẹ́ẹ̀ láyé. Kóró ọsàn gidi pàápàá, bí ó bá ti gbẹ pátápátá nínú ọ̀rá, agbára àtihù rẹ̀ ti lọ.

Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni ti àrùn. Lára àwọn igi mìíràn tó fi àwòrán wọn hàn mí, mo rí ewé tí apá ọ̀tún rẹ̀ pọ́n tí ti òsì sì tutù. Ó ní ebi ajílẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ebi ni, ọ̀tún àti òsì ewé ì bá pọ́n bákan náà. Èyí tí pípọ́n rẹ̀ kò bá dọ́gba lè jẹ́ àmì àrùn huanglongbing, tí kòkòrò kékeré kan tó ń fa oje ewé mu máa ń gbé láti igi dé igi, tí kò sì tíì sí oògùn tó lè wò ó sàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i ní Florida ní ọdún 2005 ló ti ń run oko ọsàn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọba fi ní òfin lórí gbígbé igi ọsàn láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹni tó bá ń fi igi ránṣẹ́ sí ibi gbogbo láìsí ìwé àyẹ̀wò kankan, ẹ yà fún un.

Nígbà tí mo fi àwòrán èso kíkan náà ránṣẹ́ sí i, ó ní ilẹ̀ mi ló kan. Ilẹ̀ kankan kò lè sọ ọsàn dídùn di lẹ́mọ́ọ̀nù. Mo béèrè owó mi, ó sì dínà mọ́ mi. Ó ti yí orúkọ padà báyìí, ṣùgbọ́n kò yí àwòrán padà: igi kékeré kan tó kún fún ọsàn nínú ìkòkò amọ̀, etí ìkòkò náà sán lápá òsì, bí ẹ bá sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù yín, ẹ ó rí wáyà náà lọ́rùn èso kejì láti òkè.